Ẹ̀yìn Mi Kan Ilẹ̀ ní Winnipeg

Oṣù kejì ọdún, lórí yìnyín iwájú ilé ìfọṣọ,
mo ṣubú bí àpò gààrí tó já lórí kẹ̀kẹ́.
Bọ́ọ̀sì méjì kọjá. Awakọ̀ kan tẹ fèrè.
Ọrùn ọwọ́ òsì mi ṣẹ́,
ìtìjú sì dùn mí ju egungun lọ,

nítorí ọmọ Òjélàbí oníjàkadì ni mí, ní Ìragbìjí,
ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kò kan yanrìn rí.
Nílé wa, ẹ̀yìn ni ẹlẹ́rìí:
bí yanrìn bá lẹ̀ mọ́ ọn, ìjà ti parí,
kí o dìde, kí o gbọn ṣòkòtò, kí o máa lọ sílé.

Wọ́n fi símẹ́ńtì funfun di ọwọ́ náà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.
Obìnrin tó ń ránṣọ ní yàrá abẹ́ ilé ìfọṣọ
wò mí láti òkè dé ilẹ̀, ó ní,
"O ò mọ bí a ti ń ṣubú."
Èmi, ẹni ọdún mọ́kànléláàdọ́ta.

Madam Lim Siok-hun. Kò ga tó èjìká mi.
Ọmọ Fújíànì ni, ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà,
ìjà tó sì mọ̀, ajá ni wọ́n fi sọ orúkọ rẹ̀.
Ajá! Mo rẹ́rìn-ín. Pe ènìyàn ní ajá nílé wa,
kí o wo bí àdúgbò yóò ṣe dàrú.
Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ ẹní rọ́bà, ó dùbúlẹ̀,
ó ní kí n wá kọlu òun.
Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pa dé mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi bí àlùmọ́gàjí.
Mo tún wà nílẹ̀, mò ń ka páìpù òkè àjà.

"Ìyá ìyá mi," ó ń sọ ọ́ bó ti ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ,
"wọ́n fi aṣọ di ẹsẹ̀ rẹ̀ láti kékeré,
títí kò fi lè sáré mọ́, títí kò fi lè dúró pẹ́.
Kí ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ yóò fi jà,
bí kò bá fi ilẹ̀ jà?"

Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Kò gba owó;
mò ń bá a kó yìnyín ẹnu ọ̀nà ni.
Mo kọ́ yíyí. Mo kọ́ kí èjìká ṣáájú orí,
kí èémí ti jáde kí ara tó balẹ̀.
Mo kọ́ bí a ti ń fi ìbàdí rìn.
Ó gba "ilẹ̀" lẹ́nu mi.
Èdè tirẹ̀ náà ń gòkè, ó ń sọ̀ bíi tiwa,
ṣùgbọ́n ó ṣi ohùn gbé, ó ń pè é ní "ilé".
N kò tún un ṣe.

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú;
bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn.
Mo túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó rò ó títí.
"Irọ́. Orúnkún ẹni tó dúró ni kí àwọn méjèèjì máa wò."

Lánàá, Adéwuyì pè mí láti ilé:
Bàbá ṣubú ní bálùwẹ̀, ó ti tó wákàtí kan,
wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n.
Wọ́n ní ká ti ilẹ̀kùn, kí ará ilé má rí àwọn.
"Gbé fóònù sétí wọn."
Mo gbọ́ omi tó ń kán. Mo gbọ́ èémí.
Mo fẹ́ sọ pé ẹ pẹ̀lẹ́. N kò sọ ọ́.
Mo dùbúlẹ̀ sórí kápẹ́ẹ̀tì, kí ohùn mi lè ti ilẹ̀ wá.

"Bàbá, èmi náà wà nílẹ̀. Ẹ ká orúnkún ọ̀tún díẹ̀.
Èjìká ló ń ṣáájú, kì í ṣe orí."

Wọ́n dákẹ́. Lẹ́yìn náà:
"Ta ló kọ́ ọ nírú èyí?"
Mo ní obìnrin kan ni. Mo ní ìjà ajá ni.
Ó pẹ́. Mo rò pé wọ́n ti bínú.

"Tún un sọ," wọ́n ní. "Èjìká wo?"